Wọ́n Ní Kó Máa Jẹ Ẹ̀fọ́

Jẹjẹrẹ ọyàn pa aránṣọ àdúgbò wa. A sin ín lánàá. Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, nítorí ìdáhùn tó máa ń fún oníbàárà nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wa rán aṣojú wá síbi ìsìnkú. Aṣojú yẹn ní olóògbé jà bí akọni. Ta ló fi í sílẹ̀ kó máa dá jà?

Àga kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó sí ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà.

"Ìyá Àgbà, lẹ́tà yín tún ti kẹ̀yìn sí wa o."

"Panu mọ́ jàre. Bùbá mi ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

Nígbà tí bùbá tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un láyà, ohun tí aránṣọ máa ń ṣe ló ṣe: ó tú u lápá òsì, ó fẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún fún, ó tún un tú. Ara ló ń yí padà, aṣọ ló ń tún ṣe! Ìgbà tó ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó ba kókó kan, líle bí èkùrọ́. Kò dùn ún rárá.

Láìpẹ́ sígbà náà, ilé ìwòsàn rán olùkọ́ ìlera wá sí kíláàsì wa. Ó ní ká máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, ká máa rìn, ká jìnnà sí sìgá, ká dín ọtí kù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó-Ku-Díẹ̀ dìde.

"Tí kókó bá ti wà níbẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣáà máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa."

Ó gbọ́ràn. Ó jẹ ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ó jẹ ẹ́ lálẹ́. "Màmá, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ kí n máa ké bí ewúrẹ́." A rẹ́rìn-ín. Kókó náà kò bá wa rẹ́rìn-ín. Awọ ibẹ̀ hunjọ bí èèpo ọsàn. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò ọyàn wà ní títì, kó padà wá. Ó padà lọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi dé ilé ìwòsàn ńlá, àìsàn náà ti wọ egungun.

Ọmọọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì (ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí) ló là á yé mi. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló para pọ̀ di ara wa. Èyí tó gbó á kú, tuntun á rọ́pò rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni èyí tó kọ̀ láti kú, tó ń bí sí i láìgbàṣẹ, tó sì ń ṣí lọ síbòmíì. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ dáadáa àti ìrìn ń dín ewu rẹ̀ kù, wọn kì í lé e tán. Ẹ̀fọ́ kankan kì í sì í yọ́ kókó. Kókó tuntun, ó dunni, kò dunni, kí dókítà tètè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé gbólóhùn kan yìí ló wúwo jù fún olùkọ́ ìlera láti gbé wá?

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ èmi náà ba nǹkan kan lábẹ́ abíyá. Mo lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò: àga ìpàdé ni wọ́n tò kún un dé òkè àjà.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi," nọ́ọ̀sì wí.

"Ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ta ló sọ yàrá àyẹ̀wò di ilé àga? Ta ló rán ẹni tí kò nímọ̀ wá kọ́ wa? Ẹ dárúkọ wọn ní gbangba, kí wọ́n wá ro ẹjọ́ wọn níwájú àwọn ọmọ tí aránṣọ fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, mò ń bọ̀. Ọmọọmọ mi ni yóò dì mí mú. Ẹ kó àga yín jáde.