Máàpù tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Yà Sẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Adélaní, kò kọjá Èkó rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí bí ẹ bá jókòó tì í níwájú ilé rẹ̀ ní Oǹdó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí ọ̀nà ti yà sí Kútọnu àti ibi tí ojú irin Lòmé ti gba àárín igi tíìkì kọjá, ẹ ó rò pé ó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa tírélà ni. Kò wa kẹ̀kẹ́ rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ya àwòrán ilẹ̀ fún ìjọba ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó ń wọkọ̀ lọ láàárọ̀, ó ń wọkọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì sí ìrìn-àjò mìíràn tó tún mọ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a rò pé yóò sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kàlẹ́ńdà àtijọ́ jọ. Kàlẹ́ńdà ìjọ, ti ilé ìfowópamọ́, ti ẹni tó ń wá ìbò tí kò sì wọlé, gbogbo rẹ̀ ló dojú rẹ̀ délẹ̀ tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, títí ó fi gba ògiri pálọ̀ kan tán. Ẹ̀yìn wọn ló ń ya máàpù sí: gbogbo ọ̀nà mọ́tò àti ojú irin láti Nàìjíríà dé Bẹ̀nẹ́ẹ̀, dé Tógò, dé Gánà.

Ta ló ń sọ ọ̀nà fún un? Àwọn lébìrà tó ń ti Bẹ̀nẹ́ẹ̀ àti Tógò wá ṣiṣẹ́ oko kòkó lọ́dọ̀ wa ni. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Oǹdó, Adélaní ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi tútù. Ẹni tó bá gba búrẹ́dì gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe dé. Àwọn yẹn kò mọ kìlómítà. Iye ìgbà tí ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà ni wọ́n máa ń rántí, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ ìyẹn di òṣùwọ̀n: ìdúró kan, ìbú èékánná àtàǹpàkò kan. Ìdí nìyẹn tí Àgbádárìgì sí ẹnubodè fi gùn ju Oǹdó sí Ìbàdàn lọ lórí máàpù rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn kò ju ìka kan lọ, torí kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ dá rélùwéè dúró. Ojú irin tí ọkọ̀ kì í rìn mọ́, pẹ́ńsù aláwọ̀ ewé ló fi yà á. Ó ní koríko ló wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, “Bọ̀ọ̀dá, bí ìjọba bá fi lè rí máàpù yín yìí, àwọn ará Àgbádárìgì á ní kí wọ́n fún àwọn ní ìpínlẹ̀ tiwọn.”

“Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ rí kò ní bá mi jà, Bùkọ́lá,” ló fi dá mi lóhùn.

Ọ̀bà-Ilé lèmi ń gbé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Dókítà Sherifat Adébùsóyè, olùkọ́ kan ní yunifásítì Àkúrẹ́, ló háyà ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé mi. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí ọ̀nà àti ojú irin àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rin yìí kan náà, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ayé hàn láti òkè ọ̀run. Ní Sátidé kan, mo mú un lọ sí Oǹdó. N kò ní purọ́, ẹ̀rín ni mo fẹ́ lọ rín.

Obìnrin náà dúró níwájú ògiri, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ọ̀nà Àgbádárìgì dé ẹnubodè.

“Bàbá, ẹ̀rọ tiwa ń sọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Kò mọ bó ṣe ń pẹ́ èèyàn tó. Èyí gan-an ni mo ń wá kiri.”

Ẹ̀gbọ́n mi wú bí àkàrà. Àmọ́ Dókítà tún súnmọ́ ògiri. “Kí ló dé tí Gánà fi ṣófo báyìí, sà? Kùmásì ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Atakpamé ní Tógò, ìlú tí kò tó o rárá, ẹ ya mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ẹ ya ibi ìlọta, ẹ ya kànga, ẹ tún ya igi máńgòrò.”

Adélaní bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìtùnú, dìde, ó ní òun ń lọ wo iná. Dókítà mọ̀ pé ejò lọ́wọ́ nínú, ó sì wo ojú mi. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ń wo ilẹ̀.

Atakpamé ni Ìtùnú wà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Kọ́jó, lébìrà oko kòkó bàbá rẹ̀, ló fẹ́. Nígbà tí Ìtùnú mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bàbá rẹ̀ sì ti ń fojú sọ́nà fún àna tó jẹ́ dókítà tàbí lọ́yà. Ó wò ó lójú, ó ní, “Èmi ò mọ ọ̀nà ibi tó ò ń lọ, n ò sì ní mọ̀ ọ́n.” Ọmọ náà lọ. Ọdún kẹjọ rèé. Ó ti bímọ méjì, Kọ́jó sì ti ní ibi tó ti ń jó irin. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ifẹ̀ ni àwọn èèyàn Kọ́jó sọ pé àwọn ti ṣẹ̀ wá, Yorùbá tí wọ́n ń sọ kò sì le ju ti àwa ará Oǹdó lọ létí ará Ọ̀yọ́. Mo sọ, sọ, sọ, ẹnu mi bó.

Ìyá Ìtùnú ní tirẹ̀ kò bá a jà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń sọ pé òun ń lọ ra ọjà ní Èkó. Ọjọ́ kẹwàá ni yóò dé, pẹ̀lú aṣọ tí wọn kì í tà ní Èkó. Ọkọ rẹ̀ á fún un lómi, á sì jókòó tì í. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Èkó ńkọ́?”

“Ó wà, Bàbá Ìtùnú.”

“Ibi mélòó ni wọ́n ti dá ọkọ̀ yín dúró?”

“Mẹ́tàdínlógójì.”

“Èkó mà ti jìnnà o,” ló wí, ó sì mú pẹ́ńsù. “Ilé tó o dé sí, ṣé wọ́n ti ṣe gọ́tà ibẹ̀?”

“Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tún gbẹ́ kànga.”

“Lápá ibo?”

Ìyàwó rẹ̀ júwe, ó sì yà á. Lẹ́yìn náà ló bi í, láìgbé ojú kúrò lára kàlẹ́ńdà, pé, “Àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ń dàgbà. Èyí ẹ̀gbọ́n ti ń kàwé dáadáa.”

Ẹ̀gbọ́n mi fun imú rẹ̀. Ó ní eruku pọ̀ nínú pálọ̀ náà. Báyìí ni tọkọtaya yìí ṣe ń purọ́ fún ara wọn fún ọdún mẹ́jọ, tí inú àwọn méjèèjì sì ń dùn sí irọ́ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Dókítà kò bi wá ní ìbéèrè mìíràn. Ó kàn sọ pé ọkọ̀ yunifásítì yóò lọ yẹ ọ̀nà náà wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí dé Atakpamé, àyè méjì sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní orúnkún ń dun òun. Ó ní kòkó òun kò tíì gbẹ. Ó ní òun kò tilẹ̀ ní ìwé ìrìnnà.

Láti ìdí iná ni ìyàwó rẹ̀ ti dáhùn. “Ó wà lábẹ́ Bíbélì yín. Ó di ọdún kẹta tẹ́ ẹ ti gbà á.”

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síta, mo tẹ̀ lé e. Lẹ́bàá ibi tó ń sá kòkó sí, ó sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. “Bùkọ́lá, tá a bá débẹ̀, tí Ìtùnú ní kí n padà ńkọ́?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Àmọ́ ẹnu mi lẹnu mi. “Ẹ ó padà náà ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kúkú mọ ọ̀nà.”

Ìyá Ìtùnú ní kí èmi bá a lọ. Ó ní bí òun bá lọ, gbogbo àdúgbò Ìtùnú ni yóò máa kí òun lórúkọ, ojú á sì ti ọkọ òun. Adélaní mú mi búra pé n kò ní pe Ìtùnú lórí fóònù.

A gbéra ní Tọ́sìdeè. Rufus, awakọ̀ yunifásítì, ń wakọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń fa ìlà sórí ìwé níbi gbogbo tí a bá ti dúró. Nígbà tá a dé Kútọnu, méjì péré ni iye ìdúró tó wà lórí máàpù rẹ̀ fi dín sí èyí tá a kà. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé àlùfáà ló ń wàásù. Lọ́jọ́ kejì, nínú Tógò, ẹ̀gbọ́n mi ní ká dúró níbi tí ojú irin ti gba inú igbó kọjá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ kan irin náà, ó sì padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tá a wọ Atakpamé, fóònù Rufus ní ká máa lọ tààrà.

“Má dá a lóhùn,” ni Adélaní wí. “Yà sọ́wọ́ òsì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí yẹn. Rọra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ilé kẹta.”

Ọkọ̀ dúró, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀kalẹ̀. Ìtùnú wà lábẹ́ igi, ó ń bẹ iṣu, ọmọ kan jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dìde. Ìgbà náà ló rí ẹni tó wà níwájú, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ rìn bọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Dádì.” “Ta ló júwe ilé fún yín?”

“Èmi ni mo béèrè,” ló wí. “Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń béèrè.”

Ìtùnú di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹkún sì gba ẹnu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ lé e lórí. Mo yíjú síbòmíràn, mo sì ní kí Rufus bá mi já ẹrù sílẹ̀.