Orúkọ Tí Wilfred Mixendale Gbé Gẹ̀gẹ̀

Bí ẹ bá ṣèèṣì pe Wilfred ní "Ọ̀gbẹ́ni Mixendell", ẹ ti bá a fa wàhálà nìyẹn. Yóò dúró, yóò gbọn eruku tí kò sí lára kóòtù rẹ̀, yóò wá máa to lẹ́tà orúkọ náà sí yín létí lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwa ará abúlé Hackerby ti mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó kàn sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Wilf, o gbà á," a ó sì bá tiwa lọ.

Mítà gáàsì ló ń kà kiri gbogbo òkè Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí tó fi fẹ̀yìntì. Kò sí ilé tí kò wọ̀ rí, ó mọ ibi tí oníkálukú ń tọ́jú ìgbálẹ̀ sí. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì tán, tí kò sí mítà mọ́, orúkọ ìdílé rẹ̀ wá di iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn tó ń jẹ́ Mixendale kò pọ̀ láyé, èyí gan-an ló sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní ohun tó bá wọ́n ló níyì. Ó ní àwọn Smith pọ̀ nílẹ̀ yìí ju koríko lọ, pé bí èèyàn bá ju òkúta ní ọjà, orí Smith ni yóò bà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Smith ni Hilda ìyàwó rẹ̀ kó tó lọ́kọ, ojú obìnrin náà ló sì ti máa ń sọ ọ́, níwájú àlejò.

"Mo yọ ọ́ nínú èrò," ni yóò wí.

"O yọ mí lóòótọ́," ni Hilda yóò fèsì, láì gbójú kúrò lára pòtétò tó ń bó. "Àtọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà padà síbẹ̀."

Ìtàn tí Wilfred ń sọ ni pé jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan tó ń jẹ́ Michel ló tẹ̀lé Ọba Wílíámù wá láti òkè òkun, nígbà tí wọ́n wá ṣẹ́gun ilẹ̀ wa láyé ọjọ́un. Ó ní ọba ta Michel lọ́rẹ àfonífojì kan, àti pé àfonífojì Michel ló di Mixendale. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Hilda ní inú agbada ìwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bá a, pé ó pariwo débi tí òun fi rò pé ó ṣubú.

Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé àwọn àgbẹ̀ tó dàgbà lórí òkè wa ṣì ń pe ààtàn tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ màlúù jọ sí ní mixen. Dale sì ni àfonífojì, ọmọ ọwọ́ mọ èyí. Oko kan tiẹ̀ wà lẹ́yìn afárá òkúta lókè, Mixendale lorúkọ oko náà, màlúù sì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Wilfred mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó ní jagunjagun baba ńlá òun ló ni ín, kó tó bọ́ sọ́wọ́ màlúù.

Lára ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ó gbé máàpù ayé kọ́, ó sì ń gún pínnì pupa sí ibikíbi tó bá ti gbọ́ pé Mixendale kan ń gbé tàbí ti gbé rí. Èmi tí mò ń gbé ní ojú kejì wọn, mo ti mu tíì lábẹ́ máàpù yẹn kọjá kíkà. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ìran akọni yìí kò rìn jìnnà. Àwọn pínnì náà ṣù mọ́ oko màlúù yẹn bí eṣinṣin. Bóyá mẹ́ta ló dé Leeds, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣọ wà nígbà kan. Àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó dá dúró ní ìsàlẹ̀ ayé, ní Tasmania. Ìyẹn ni Wilfred máa ń nàka sí.

"Arìnrìn-àjò lẹni yẹn," ni yóò wí. "Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ayé."

"Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè é nínú ọkọ̀ ńkọ́?" ni Hilda bi í. "Ṣé kó má baà já bọ́ sínú òkun ni? Wilf, àgùntàn ni bàbá yẹn jí tí ìjọba fi lé e lọ síbẹ̀."

Janet, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló wo orí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan tó rí i pé àwọn Mixendale tó wà ní erékùṣù Barbados ju gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ wa lọ. Ó sáré wá sọ fún bàbá rẹ̀. Wilfred kò tiẹ̀ na ọwọ́ sí àpótí pínnì.

"Àwọn yẹn kì í ṣe Mixendale gidi," ló wí. "Wọ́n yá orúkọ náà lò ni."

Janet ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, Craig Ogden, tó ń tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò níjàánu. Nígbà tó wá sọ fún Wilfred pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, Wilfred ní kò burú, ohun kan ló kù. Òun kò bí ọmọkùnrin. Craig ni yóò fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa jẹ́ Mixendale, kí ìran má baà parun.

"Ọ̀gbẹ́ni Mixendale," ni Craig wí, "mo fẹ́ràn Janet gidi gan-an. Àmọ́ mi ò fẹ́ràn yín tó bẹ́ẹ̀."

Ni wọ́n bá so ìgbéyàwó rọ̀. Janet sunkún, Hilda gbọ́ oúnjẹ fún ara rẹ̀ nìkan, Wilfred ń fi búrẹ́dì lásán jẹun alẹ́, síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí gbogbo Mixendale tó mọ àdírẹ́sì wọn, pé kí wọ́n wá péjọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa nínú oṣù kẹjọ, kí ayé lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ó bẹ obìnrin onímọ̀ kan ní yunifásítì, tó ń ṣe ìwádìí orúkọ, pé kó wá sọ̀rọ̀. Ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kun àmì ìdílé sára pákó: ẹṣin tó gbé idà lẹ́nu. Ẹlẹ́dẹ̀ tó gbé egungun lẹ́nu lèmi rí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n wá lóòótọ́. Alápatà, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, arákùnrin méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí ọgbà tó pààlà ilé wọn. Kò sí ẹni tó gun ẹṣin wá. Èmi ni mò ń bu tíì. Wilfred dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù dúdú tó fi ń lọ sìnkú, ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wá wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó dé fìlà aláwọ̀ ewé tó rẹwà, ó gbé agolo kéèkì ńlá lọ́wọ́. Wilfred rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ẹ ṣé, ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà. Ilé ìdáná wà lọ́wọ́ òsì."

Obìnrin náà kò kúrò lójú kan. "Èmi kọ́ ni olóúnjẹ," ló wí. "Verona Mixendale ni mí, láti Leeds. Ẹ ní kí n wá, mo dé. Torí ìyá mi kò kọ́ mi láti máa lọ ilé ẹbí lọ́wọ́ òfo ni mo fi gbé kéèkì."

Ojú Wilfred pọ́n bí àwọn pínnì rẹ̀. "Mixendale? Lọ́nà wo?"

"Lọ́nà tí ẹ̀yin náà gbà jẹ́ ẹ. Orúkọ bàbá mi ni. Barbados ni bàbá rẹ̀ ti gbé e bọ̀." Ó wo gbọ̀ngàn náà yíká. "Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ bó ṣe débẹ̀? Mixendale kan láti orí òkè yín yìí ló lọ síbẹ̀ láyé òwò ẹrú, lọ máa na àwọn èèyàn wa nínú oko ìrèké. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo ohun tó kà sí tirẹ̀. Ilé, ìbaaka, àti àwa."

Mo ń bu tíì sórí àwo lásán, mi ò mọ̀. Hilda ló kọ́kọ́ mira. Ó lọ gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wá jókòó ti èmi," ló wí. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọtí rọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ó dára. A máa nílò ẹ̀ lónìí."

Kí Wilfred tó rí ọ̀rọ̀ sọ, obìnrin yunifásítì ti dìde. Kò bìkítà fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn rárá, ọ̀rọ̀ tó torí ẹ̀ wá ló sọ. Ó ní kò sí jagunjagun kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní orúkọ yìí ti wà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀lé ọba wọ ọkọ̀ ojú omi wá, ọ̀rọ̀ àtijọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àfonífojì ààtàn. Ó ní ẹni tó bá ń gbé nítòsí òkìtì ìgbẹ́ màlúù tó tóbi jù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n, torí oko ẹyọ kan ló ti ṣẹ̀.

"Mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀ láti kékeré!" ni alápatà kígbe láti ẹ̀yìn.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn arákùnrin méjì tó ń bára wọn yodì di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Wilfred ń na ọwọ́ sókè, ó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, Michel ńkọ́?" Ṣùgbọ́n Verona ni ẹ̀rín náà mú jù. Ó rín títí omijé fi dé ojú rẹ̀, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ló bi obìnrin yunifásítì. "Ọkùnrin yẹn tó gun ẹṣin ní Barbados, tó mú pàṣán lọ́wọ́, tó ní a kò gbọ́dọ̀ wo òun lójú. Ọmọ ààtàn ni?"

"Ọmọ ààtàn gan-an ni, mà."

"Ìyá mi ì bá wà láyé kó gbọ́ èyí!" ni Verona wí. Ó rín díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kò rín mọ́. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Hilda gé kéèkì lé e lọ́wọ́.

Alápatà ló dá a lábàá pé kí gbogbo ẹbí lọ kí ilé baba ńlá wọn. Ni wọ́n bá kó sínú ọkọ̀, wọ́n gòkè lọ sí oko náà. Òkìtì ìgbẹ́ màlúù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ga ju èèyàn lọ, ó ń rú èéfín wẹ́ẹ́rẹ́ nínú oòrùn. Wọ́n tò síwájú rẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Wilfred kò sọ̀kalẹ̀. Inú ọkọ̀ Craig, tí Janet ní kó wá bá wọn wa ọkọ̀, ló jókòó sí, ó ti gbogbo fèrèsé. Verona lọ kan gíláàsì náà.

"Ẹbí," ló wí, "ẹ sọ̀kalẹ̀. Bàbá wa ń pè yín."

Wilfred kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbẹ̀ ni Craig wà, tó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Ọ̀gbẹ́ni Mixendale, mo ti rò ó. Mo gbà. Màá máa jẹ́ orúkọ náà."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?"

"Torí mi ò mọ̀ pé ó dùn tó báyìí ni."

Wilfred ṣí fèrèsé díẹ̀. "Kò sí kánjúkánjú níbẹ̀, Craig," ló wí jẹ́jẹ́. "Ogden náà kì í ṣe orúkọ burúkú."

Kò jáde nílé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ẹbí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi Verona ṣe alága. Craig gbé Janet níyàwó, ó sì di Mixendale tayọ̀tayọ̀. A rò pé ojú ti Wilfred débi tí yóò fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwa la kò mọ̀ ọ́n. Níbi ìgbéyàwó náà ló ti dìde, tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí làwọn Normani, àwọn èèyàn Ọba Wílíámù, tiẹ̀ jẹ́? Àlejò àná! Ó ní àwọn Mixendale ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó dé, pé láìsí ajílẹ̀ kò sí àlìkámà, láìsí àlìkámà kò sí búrẹ́dì, ta ló wá bọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Hilda fa kóòtù rẹ̀ títí bọ́tìnì fi já. Kò jókòó.

Nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, Verona mú Hilda lọ sí Barbados lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Wilfred ní oòrùn kì í bá òun lára mu, ó dúró sílé. Ọjọ́ tí Hilda dé, mo lọ kí i, oòrùn ti mú ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa, ara rẹ̀ sì yá. Ó ní wọ́n mú òun lọ wo sàréè ọkùnrin tó mú orúkọ náà débẹ̀, tó wà nínú oko ìrèké tí ẹnikẹ́ni kò ro mọ́. Ó ní Verona dúró níbẹ̀ pẹ́.

Wilfred gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbé ife tíì kalẹ̀.

"Òkúta orí sàréè náà ńkọ́?" ló bi í. "Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi, Wilf," ni Hilda wí. "Ewúrẹ́ mẹ́rin ló ń sùn lórí ẹ̀."