Oorun Peifen

Ó pẹ́ tí Peifen ti ń fi òróró ra ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin nílé ìfọwọ́ra kan létí èbúté Keelung ní Taiwan. Ẹni tó bá wọlé, yóò bu tíì fún un. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á lára, yóò rọra gbé ọwọ́ náà kúrò láìfajúro.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, Bàbá Kuo, apẹja tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, rí i pé Peifen ń tòògbé lórí ìdúró.

“Ìwọ ni kó o dùbúlẹ̀ lónìí.”

“Bàbá, ọ̀gá á lé mi.”

“Ta ló máa sọ fún un? Màá jókòó sídìí ilẹ̀kùn.”

Peifen dùbúlẹ̀, ó ń retí kí ọwọ́ bàbá kan òun. Kò kàn án. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jí, bàbá ṣì kọjú sí ilẹ̀kùn. Peifen sunkún díẹ̀, ó sì lọ pe oníbàárà tó kàn wọlé.