Iye Tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ Dá Lé Ìpín Bàbá Rẹ̀

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀, torí ọmọdé máa ń sùn lọ síbi tó ti ń dirun fún wọn. Ó ti pẹ́ tó ti ń san owó ilé lórí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alágbàfọ̀. Àfi bí onílé ṣe ní òun fẹ́ tà á. Ó fún un láyè títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá rà á, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ti wà ní sẹpẹ́.

Àyà obìnrin yìí kò já. Kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó fi ìpín sílẹ̀ fún un ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan, ó sì ti rí i lórí fóònù àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé ẹyọ kan ti di náírà méjìléláàádọ́ta. Bó bá tà á ní àádọ́ta péré, owó ṣọ́ọ̀bù ti pé. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ kó tó dé ọ́fíìsì alágbàtà tó ń báni ra ìpín, tó sì ń báni tà á.

Alágbàtà náà, obìnrin kan tó ń lo awò ojú, yí kọ̀ǹpútà sí i. Iye méjì ló wà níbẹ̀: mẹ́tàdínláàádọ́ta àti méjìléláàádọ́ta.

“Èwo ni tèmi níbẹ̀?”

“Èyí tó kéré ni, mà. Méjìléláàádọ́ta ni àwọn tó ń tà ń pè é, kò tíì sẹ́ni tó gbà fún wọn. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni àwọn tó ń rà fẹ́ san. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà báyìí-báyìí, iye tiwọn lẹ máa gbà.”

Ojú Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ wálẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

“Tí mi ò bá wá fẹ́ tà báyìí-báyìí ńkọ́?”

Alágbàtà ní kó dá iye tirẹ̀, òun á gbé e síta, kó wá máa dúró. Ẹni tó bá fẹ́ rà kíá, ọ̀dọ̀ ẹni tí tiẹ̀ pọ́ọ́kú jù ni yóò kọ́kọ́ yà. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì lè dé kí ẹnikẹ́ni má yà o. Kó má wá sọ pé òun ò sọ fún un.

“Ẹ bá mi gbé àádọ́ta síta,” ni Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ wí.

Àbúrò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti ń sanwó fún oríkunkun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, àwọn tó ń rà sún iye tiwọn sókè dé méjìdínláàádọ́ta. Àbúrò sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á. Owó ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn.”

“Jẹ́ kó kàn án dáadáa.”

Ẹnu lásán ni. Ó la irun obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, ó sì ní láti tú u, kó tún un dì lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí oníbàárà wà nínú básíà, ni alágbàtà pè. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ti dé láti wá kó ìpín sìmẹ́ńtì rẹpẹtẹ, tirẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníméjìléláàádọ́ta.

“Gbogbo ẹ̀ ti lọ, mà. Àádọ́ta gẹ́lẹ́.”

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó tún ní kó tún un sọ, ọṣẹ ń kán sétí oníbàárà, ìyẹn náà ò sì bínú, ẹ̀rín ló ń rín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá ọlọ́jà fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, tó na okùn ìwọ̀n sára ògiri. Onílé ka ìwé tí alágbàtà kọ pé owó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ká a, ó ní ìyẹn ti tó, ó sì bọ Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra ká okùn yẹn o,” Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ sọ fún ọlọ́jà fóònù, “ẹ má fi gbá dígí mi.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó òun fẹ́ dirun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣé wọ́n á ṣí. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ní kó máa bọ̀, ṣọ́ọ̀bù òun kì í tì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.