Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sọ̀rọ̀

Ní ọdún tí mo fẹ́ parí yunifásítì, mo mú iṣẹ́ ìwádìí lórí bí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ṣe ń dàgbà ládùúgbò wa, àti bí nǹkan ṣe rí fún ìdílé tó ń tọ́ wọn. Festac ni wọ́n bí mi sí. Mo rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni mo mú.

Kafé ìntánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí Apple Junction ni mo kọ́kọ́ lọ. Ohun tó jáde pọ̀, àmọ́ ọmọ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀: ìgbà tí wọ́n ń rá, ìgbà tí wọ́n ń dìde rìn, ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo kó o sápò. Nípa àwọn ọmọ tí mo ń rí lójoojúmọ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé ńlá kan hàn mí.

Ó ní, "Bí ọmọ ṣe wúwo tó àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà là ń kọ. Bóyá ó ń ṣeré, bóyá inú ìyá ẹ̀ ń dùn, ta ló máa ráyè bi í?"

Nígbà tí mo sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, kò yà á lẹ́nu. "Tí kò bá sí, lọ kó o jọ fúnra rẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ fún ẹ ni kó o kọ. Má fi èrò tìẹ sí i."

Mo ṣe fọ́ọ̀mù, mo sì ń gbé e láti ilé dé ilé. Àwọn kan rò pé ìwé ìwàásù ni, wọ́n ní àwọn ti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó dáhùn, ìdáhùn tó dára ni wọ́n ń fún mi. Bàbá kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lòun máa ń kàwé fún ọmọ òun. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń wò ó tìyanu-tìyanu. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí bàbá ṣe wí.

Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, mo dé ilé ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò náà. Òun ló ń tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀, nítorí ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá àgbà fún mi ní àga àti omi tútù. A ń bá ìbéèrè lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí a fi dé ti ọ̀rọ̀ sísọ.

"Màmá, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Háà! Ó ń sọ ọ́ bí ayékòótọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo ló máa ń sọ jù, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé èèyàn lè ka ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé tán ni?"

Ọmọ náà jókòó lórí ilẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń to agolo mílíìkì. Bí mo ṣe fẹ́ kọ̀wé, ọmọrí ìkòkò já lulẹ̀ ní kíṣìnì. Mo ta gìrì. Ọmọ náà kò mira. Ìyá àgbà wò mí, èmi náà wo fọ́ọ̀mù mi. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni", mo dúpẹ́, mo jáde.

Mo lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó sọ ohun tí mo rí fún olùkọ́ mi. Ó ní èmi kì í ṣe dókítà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo padà lọ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí mo mọ̀ pé ìyá ọmọ á wà nílé. Ìyá àgbà ti lọ sí ìpàdé ẹbí.

Ìyá ọmọ bi mí pé, "Kí ni Màmá sọ fún ẹ?"

"Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀, mà."

Ó ní, "Kò tíì pè mí rí. Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn. À ń gbàdúrà sí i."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọrí ìkòkò fún un. Ó mi orí. "Ó máa ń gbọ́ ariwo. Tí bàbá ẹ̀ bá ti fọn fèrè ọkọ̀, á sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà." Ó wo fèrèsé tó kọjú sí géètì. "Àbí ọkọ̀ yẹn ló ń rí?"

Ó dìde, ó mú abọ́ irin méjì, ó lọ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó lù wọ́n mọ́ra wọn. Ó tún lù wọ́n. Ọmọ náà ń to agolo rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo yọ ọ̀kan nínú ìwé tí mo tẹ̀ ní kafé, èyí tó ní kí wọ́n yẹ etí ọmọ tí kò bá sọ̀rọ̀ wò, mo fi lé e lọ́wọ́.

Wọ́n lọ sí ọsibítù. Etí méjèèjì ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n júwe olùkọ́ tó ń kọ́ni ní èdè ọwọ́ fún wọn, ìyá náà sì ń bá ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Mo yọ fọ́ọ̀mù ilé yẹn kúrò nínú iṣẹ́ mi. Olùkọ́ mi bi mí léèrè, mo ní ìdáhùn inú rẹ̀ kò péye. Kò bi mí nípa àwọn fọ́ọ̀mù yòókù, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan nípa wọn.

Kí n tó kúrò nílé ìwé, mo pàdé ìyá àgbà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo rò pé ó máa bú mi.

Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ tó o wá. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Èmi náà bí irú ẹ̀ rí, obìnrin. Àwọn ẹbí ọkọ mi gbé e lọ sí abúlé kí ayé má baà pe ilé wa nílé odi. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí tó fi kú. Ṣé kí n wá fẹnu ara mi sọ ti èyí fún ẹni tó gbé ìwé wá?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni mo lè sọ.

"Wọn ò gbé èyí lọ," ló wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kí n tó tún rí ìyá àti ọmọ náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Festac. Wọn ò rí mi. Ọmọ náà ń fọwọ́ bèèrè bísíkíìtì, ìyá rẹ̀ fọwọ́ dá a lóhùn pé rárá. Ọmọ náà kò gbà, ó ń bá a jiyàn.