Ta Ló Ní Kí Kúnlé Fọ Ọmọláńgidi Màámi?

Inú ń bí mi gan-an!

Lọ́dún tí a gba òmìnira ni bàbá màámi ra ọmọláńgidi rọ́bà kan fún wọn nílùú Ẹdẹ. Aró aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ràn mọ́ ọn láyà. Mo ń fi ìpara irorẹ́, èyí tó máa ń bó aró kúrò lára rọ́bà, pa á, mo ń sá a sóòrùn, àbàwọ́n náà sì ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀.

Lónìí ni Kúnlé, àbúrò mi, fi pẹtiróòlù àti kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́. Ojú àti ẹnu rẹ̀ pa rẹ́ pátápátá!

Ó tún lẹ́nu ọ̀rọ̀: “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó mọ́?”

Màámi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọn ò dá a mọ̀ mọ́, wọ́n ní: “Ọmọ ta nìyí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe fún Kúnlé?