Igò Tánganran Orí Pẹpẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fondren, lókè òkun, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun mọ̀ pé ọtí ni olórí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lè purọ́, ẹ lè ṣe ìlara, aláàánú ni Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ṣa agolo bíà tó ti ṣófo nílẹ̀, ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n ká ọwọ́ sókè, títí dòdò fi dín tán. Òórùn dòdò yẹn gan-an ni ìyà.

Ní Sátidé kan, ìyá mi ra igò tánganran kan níbi tí òyìnbó kan ti ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Wọ́n ya ẹyẹ pupa àti òdòdó aláwọ̀ wúrà sí i lára, ife kéékèèké mẹ́rin sì tẹ̀ lé e. Ìyá mi ní nǹkan tó rẹwà tó báyìí, ti Ọlọ́run ni. Ó di igò omi ìyàsímímọ́. Wòlíì wa rí áńgẹ́lì nínú ẹyẹ náà, àwọn àgbà ìjọ sì ń fi ife náà mu omi, wọ́n ń pọ́nnu lá. Kíá, wọ́n ní ìyá mi ni yóò jẹ Ìyá Ìjọ, oyè tí ìyá mi ti ń gbààwẹ̀ lé lórí kí n tó gbọ́njú.

Nígbà tí oyè ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi gbé igò náà wálé kí n fọ̀ ọ́. Aládùúgbò wa, obìnrin ará Japan, rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ní irú rẹ̀ ni bàbá òun fi ń bu ọtí ìrẹsì fún àlejò.

Ìyá mi jókòó. Nígbà tí obìnrin náà lọ, wọ́n ní, “Tóo bá la ẹnu ẹ ní church, wàá ríran.”

Èmi pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ni kò lè jẹun títí di Sunday. Wọ́n dìde láàárín ìjọ: “Ẹ dárí jì mí. Igò ọtí ni mo gbé wá. Mi ò mọ̀.”

Wòlíì, tó ti mu níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ, ní àdúrà ti wẹ igò náà mọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín. Igò padà sórí pẹpẹ. Ìyá mi ni àdúrà kò lè wẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé oyè fún ẹlòmíràn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Láyé ìsinsìnyí, fóònù yóò ti sọ ohun tí igò wà fún kí ẹ tó sanwó. Àwa náà ti di ìyá ìjọ, ojú wa là, a kì í ṣìnà. Àní, láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì rí ẹnìkan tó dìde láàárín ìjọ wa láti sọ pé òun ṣe àṣìṣe.